Ohun Tí Ìwé Wà Fún

Yàrá kan ni Ojúọlápé ń dá gbé ní Agége. Èkìtì ni ìyá rẹ̀ wà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà làwọn aládùúgbò rẹ̀: bí àwọn kan ti ń jáde làwọn kan ń wọlé wá sùn. "Ẹ kú iṣẹ́", "ẹ kú àbọ̀", ọ̀rọ̀ parí.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ológun nígbà náà. Ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, ọmọ ya wọ kíláàsì bí eṣú, tísà ò tó. Wọ́n ń sáré kọ́ àwọn tuntun, Ojúọlápé sì wà lára wọn. Dopemu ni wọ́n ní kó ti lọ fi iṣẹ́ dánra wò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ka ìwé wọn geere. Inú rẹ̀ dùn, àfìgbà tó rí i pé Sùlíyá, tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, dorí ìwé tirẹ̀ kodò. Ojúọlápé nàka sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà.

"Kí nìyí?"

"Ma, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Ara Ojúọlápé bù máṣọ. Bí òun náà ṣe kọ́ ìwé sórí títí tó fi yege nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó agolo mílíìkì àti páálí ọṣẹ wá káwọn ọmọ lè ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára, ó kọ ohun tó wà lára ògiri ilé iṣẹ́ kan sójú pátákó: EWU! MÁ WỌLÉ! Ó ní, "Bí ẹ bá rí èyí, kí lẹ máa ṣe?" Àwọn ọmọ ń jiyàn, ariwo sọ, ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, alábẹ̀wò tó ń fún àwọn tísà tuntun ní máàkì, bá wọlé.

"Mísì, ojú ewé wo lẹ wà?"

"A ò sí nínú ìwé lónìí, sà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ìwé wà fún ni."

"Agolo lẹ fi ń kọ́ wọn? Ẹ ó tún ìdánrawò yìí ṣe ní táàmù tó ń bọ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yege ríṣẹ́, wọ́n tú ká. Àwọn tó kù nítòsí ń yẹra fún un bí ẹni pé ìjákulẹ̀ a máa ranni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, á kọrin tán, á dá rìn délé.

Nígbà tí alábẹ̀wò padà wá, Ojúọlápé ní káwọn ọmọ ka ìwé wọn lákọ́sórí. Ọkùnrin náà mi orí pé ó dára, ó fún un ní máàkì tó fi yege. Ní ọjọ́ kejì, agolo tún padà sórí tábìlì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ojúọlápé àtàwọn ọmọ jáde nílé-ìwé, Sùlíyá dúró níwájú ògiri kan, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: "Má... tọ̀... síbí." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá kan tó ti ń tú ṣòkòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ẹ má tọ̀ síbí o!"

Bàbá náà di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó yára kúrò. Ojúọlápé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń rò ó bọ̀ wálé pé òun á sọ ọ́ fẹ́nì kan. Ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì. Ó gbé ẹ̀bà rẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín.