Ọjọ́ Mẹ́fà ní Iloilo Pẹ̀lú Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi

Ahun ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọkọ mi ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó afẹ́fẹ́ ní Maryland, pé èmi ni màá kọ́kọ́ dákẹ́ mímí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lanham, tó ń sanwó ilé ní Beltsville, tó tún lọ́mọ méjì ní yunifásítì, kí lẹ fẹ́ kó máa fi ṣe fàájì? Ìdí nìyẹn tó fi ya gbogbo ilé lẹ́nu nígbà tí mo ní mò ń lọ lo ìsinmi mi ní Philippines.

"Mummy, by yourself?" ni ọmọ mi obìnrin wí. "Like, alone alone?"

"Ṣé wọ́n máa gbé mi jẹ ni?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ọmọ Iloilo ni, ìlú kan tó wà lórí erékùṣù, tó jìnnà dáadáa sí olú-ìlú wọn. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ju ọ̀rẹ́ mi yìí lọ, orúkọ tí wọ́n sì fi ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin lédè wọn ló fi ń pè mí, kò já a sílẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ níwájú dókítà. Ó ti di ọdún méje tó ti fojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì lè lọ sìnkú, torí pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá jáde, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Láti ìgbà náà ni píìnì dúdú róbótó kan ti wà lára káàdì iṣẹ́ tó ń fi kọ́rùn. Kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ṣèbí ẹ̀gbin ló ta sí i, mo na ọwọ́ láti bá a ṣí i kúrò. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní píìnì ọ̀fọ̀ ni, pé ọdún kan gbáko làwọn ará ilé máa ń lò ó. Ọdún kan náà pé, kò yọ ọ́. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí kò sí ìwé òfin tó sọ iye ọjọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀.

Wọ́n ti fọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ máa tó jáde. La bá jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ, irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà bí èèyàn tilẹ̀ kú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká gbéra ni lẹ́tà dé pé kó ṣì ní sùúrù. Inú ọkọ̀ mi la jókòó sí nígbà tó kà á fún mi, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Lanham tí a ti fẹ́ lọ ra páálí tí a máa kó ẹrù sí. Kò sunkún. Ohun tó ní kí n ṣe ló sọ.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi wojú Màmá. Kí ẹ sì bá mi bi wọ́n bóyá inú ń bí wọn sí mi pé mi ò wá sin Papa." Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń pe ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò dárúkọ ìsìnkú yẹn fún un rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: Ṣé o ti jẹun? "Màá sì ní mo ti jẹun," ló wí, "bí mi ò tilẹ̀ tíì fẹnu kan omi."

Mo gbà láti lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí wúwo. Báwo ni màá ṣe dé ilé arúgbó tí n kò rí rí, kí n máa bi í bóyá inú ń bí i sí ọmọ rẹ̀?

Màmá náà ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lọ́jọ́ tí mo dé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gẹ̀ẹ́sì wọn sì já geere ju tèmi lọ. Wọ́n kéré, wọ́n gbẹ, wọ́n gún régé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni píìnì dúdú láyà wọn. Mo wí lọ́kàn mi pé, ọdún méjì, ìyá yìí kò yọ ọ̀fọ̀! Ìbínú wà níbí.

Níbi tí mo ti ń ronú bẹ́ẹ̀ ni eékún mi ti kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Màmá bá na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀. Ṣé ẹ rí i, nínú àṣà tiwọn, ńṣe ni ọmọdé máa mú ọwọ́ àgbà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀, á sì fi sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ èyí fún mi. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ṣèbí àdúrà ni ìyá fẹ́ gbà fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ wọn, mo gbé e lé àárín orí mi, mo tẹrí ba, mo sì ń dúró de ìgbà tí àmín máa kàn mí.

Ìyá dúró gbagidi. Àwọn aládùúgbò tó ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ yẹn rọ̀ lórí mi, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà lédè wọn. Ó gùn. Níbikíbi tí wọ́n bá ti mí, màá ṣe àmín. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mo sì sunkún díẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wá kí wọn láàárọ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń wá orí mi kàn.

Yàrá tí mo gbà wà lókè ilé búrẹ́dì kan, kò jìnnà sí ilé Màmá. Fáànù kan, bẹ́ẹ̀dì kan, korobá àti ike ìbomi nínú balùwẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí korobá yẹn. Mo ti gbàgbé bí omi tútù tí a fi ike bù ṣe máa ń jí ara. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló ń jí mi láàárọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni òórùn.

Màmá bi mí ní ọjọ́ kejì pé báwo ni ọwọ́ mi ṣe rí nípa ìnáwó. Mo ní, "Màmá, ọwọ́ mi le." Inú wọn dùn! Mo ti rí ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní àwọn náà kì í náwó nínàkúnàá, pé ohun tó dára jù nínú ìlú àwọn kò ní géètì tí wọ́n ti ń gbowó. Ni wọ́n bá mú agbòjò, a bọ́ síta.

Ọkọ̀ jíìpù gígùn ni àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń wọ̀, a dojú kọ ara wa nínú rẹ̀, orúnkún kan orúnkún. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá máa na owó ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹni iwájú rẹ̀, ìyẹn á nà án sí ẹlòmíràn, títí tó fi máa dé ọwọ́ dírẹ́bà, ṣéńjì á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ẹnikẹ́ni kò já ṣéńjì ẹnikẹ́ni gbà. Ó wù mí débi pé ìdí dírẹ́bà ni mo máa ń jókòó sí, kí n lè bá gbogbo ọkọ̀ gbowó. Màmá ní kí n rọra, pé n kò tíì gba iṣẹ́ kọ̀ńdọ́.

Wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó jẹ́ pé ère obìnrin nìkan ló tò sára gbogbo òpó rẹ̀, ẹni mímọ́ lóbìnrin, lọ́tùn-ún lósì. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá mo máa rí nọ́ọ̀sì láàárín wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, a rìn lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà tó mọ́ fún arìnrìn-ẹsẹ̀, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń wo àwọn abiyamọ tó ń jó fún eré ìdárayá. Ní ọjọ́ kẹta, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kékeré tó wà lódìkejì, mo sì jẹ máńgòrò títí omi rẹ̀ fi dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Nínú ọjà wọn, a jẹ núdùlù olómi, oúnjẹ tínínrín gbọọrọ bíi sùpàgẹ́tì, tí wọ́n fi ẹran sè, irú èyí tó jẹ́ pé bí omi rẹ̀ bá tán, wọ́n á bu òmíràn kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo na abọ́ mi. Màmá na tiwọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo rí i pé ọ̀gá mi ni wọ́n.

Mo fẹ́ràn ìlú náà. Mo fẹ́ràn ìyá náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ló sì mú kí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ṣòro fún mi láti jẹ́. Lójoojúmọ́ ni màá wo píìnì yẹn láyà wọn. Lójoojúmọ́ ni màá sọ pé ó di ọ̀la. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú Màmá dà bí ojú tíṣà tó ń ṣọ́ ìdánwò, kò sóhun tí èèyàn lè rí kà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà kan tí àwọn fẹ́ sè. Mo wo inú àtẹ, mo pariwo. Òtìlì ni! Òtìlì tí ìyá ìyá mi máa ń sè, tí n kò fojú kàn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. A jókòó sí ilé ìdáná, à ń ṣà á. Ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yá lẹ́nu. Mo yí ọ̀rọ̀ náà po lọ, mo yí i po bọ̀, mo sọ̀rọ̀ nípa ìyá tèmi, mo sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìgbélùú, títí Màmá fi gbójú sókè.

"Kí ni ọmọ mi ní kí o bi mí?"

Mo sọ ọ́. "Ó ní bóyá inú ń bí yín sí òun."

Wọ́n fi òtìlì ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Inú? Ta ló sọ fún un pé inú ń bí mi?"

"Màmá, ẹ kò bá a sọ̀rọ̀ ìsìnkú rí. Ẹ kò sì tíì yọ píìnì yín."

Wọ́n fọwọ́ kan píìnì náà. Wọ́n ní bí ọdún bá yípo, gbogbo ọmọ ló máa ń pé jọ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bọ́ ọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì jẹun. Àwọn ọmọ yòókù bọ́ tiwọn. "Èmi ní rárá. Ọmọ mi kan kò sí níbẹ̀. Mi ò lè bọ́ ọ̀fọ̀ kí n fi òun nìkan sílẹ̀ nínú rẹ̀."

"Òun náà kò tíì bọ́ tiẹ̀," ni mo wí. "Ó wà lára káàdì iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní."

Màmá kò mọ̀. Ilé ni ọmọ wọn ti máa ń pè wọ́n, káàdì yẹn á sì wà nínú báàgì. Ojú tíṣà yẹn tú palẹ̀. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún.

"N kò dárúkọ ìsìnkú," ni wọ́n wí nígbà tó yá, "torí pé á sunkún, kò sì sí èmi níbẹ̀ tí màá nu ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè oúnjẹ. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ogójì ọmọ ló ń purọ́ fún mi lójúmọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n tún gbé e padà. "Èyí kì í ṣe tìrẹ," ni wọ́n wí. "Gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, bí a ṣe ń kúrò níbi iṣẹ́ òru, mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi lọ sílé rẹ̀ ní Lanham, mo gbé ọwọ́ mi lé e lórí nínú ilé ìdáná, mo sì sọ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un. Ó di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà, ó pe Màmá lórí fóònù aláwòrán, kí wọ́n lè rí ara wọn; ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Màmá gbàdúrà. Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, bí ẹni ń ka nǹkan fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, ìyá yọ píìnì láyà, ọmọ yọ tiẹ̀ lára káàdì.

"Ṣé o ti jẹun?" ni Màmá wí.

Ọ̀rẹ́ mi ya ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ. Ó pa á dé. "Rárá, Màmá," ló wá wí. "Mi ò tíì jẹun. Ebi ń pa mí."

Mo dìde, mo fọ ìrẹsì, mo gbé ìkòkò kaná. Màmá ní kí n gbé fóònù náà sún mọ́ ààrò, kí àwọn rí i dájú pé iná wà lábẹ́ rẹ̀.