Ìfóòfó Inú Ìgò

Nílé ìdáná ilé-iṣẹ́ aṣọ, níbi tí wọ́n ti ń se ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, Atọ́wò ni wọ́n ń pe ìyá kan. Kò sí sọ́ọ̀sì sóyà, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ, tó ń wọbẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Yóò mi ìgò, yóò wo ìfóòfó: èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan dáadáa, ìfóòfó rẹ̀ kì í tètè wọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó gbóòórùn rẹ̀, kó sì tọ́ ọ wò.

Àìsàn kan wá dá a gúnlẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà máa lọ, ó kó adùn ẹnu rẹ̀ lọ, ó sì kó òórùn imú rẹ̀ mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ ilé ìdáná, nìkan ló sọ ọ́ fún.

"Ẹnu mi ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́. Bí ọ̀gá bá gbọ́, ó parí fún mi nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni n óò sọ ọ́?"

Látìgbà náà, ìfóòfó nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò gbé ìgò kan síwájú rẹ̀, lójú ọ̀gá àti gbogbo alásè. Atọ́wò mì ín. Ìfóòfó rú, kò wọlẹ̀. Ó dà á sí ṣíbí, ó lá a, ó tún pọ́n ètè lá.

"Eléyìí dáa. Irú ẹ̀ ni ká máa rà."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ ìfọ-àwo ni o! Ọṣẹ, omi àti ṣúgà jíjó!"

"Inú ìyá ti mọ́ tónítóní!" lẹnì kan ké láti ẹ̀yìn ààrò.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá náà, ó nù ún, ó sì nà án sí àbúrò.

"Ìwọ ni Atọ́wò. Ẹ̀yin, ìyá, ẹ máa lọ bó àlùbọ́sà. Òkú imú ò lè mọ̀ pé ó ń ta."

Nígbà tí ọjà tuntun dé, àbúrò gbé ìgò méjì wá sí ìdí àlùbọ́sà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, èwo ló dáa nínú wọn? Ọ̀gá ń dúró."

"Ìwọ lo ní ahọ́n. Tọ́ ọ wò."

"Mo ti tọ́ ọ wò. Bákan náà ni wọ́n ṣe níyọ̀ lẹ́nu mi."

Ìyá náà ka ìwé ara ìgò. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, omi, iyọ̀. Ti ìkejì, omi, iyọ̀, àwọ̀, lẹ́yìn gbogbo wọn, ẹ̀wà sóyà bíńtín.

Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ìkejì.

"Ìyẹn ni. Bí wọ́n bá ní kí o búra, búra."