Ajá Tí A Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pa

Mo ṣì ń gbọ́ igbe tí ìyá onífúrá tó ń kiri fúrá àti wàrà ké lẹ́nu ọ̀nà wa ní Gawon Nama, nílẹ̀ Hausa: "Wayyo Allah!" Kí n tó sáré jáde, ajá wa ti bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Nígbà yẹn, mo rò pé bí èèyàn bá ti ń fún ajá ní tùwó jẹ, tí ajá sì ń gbó olè, ó parí. A kì í dè é lọ́sàn-án, a kò sì fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí. Bẹ́ẹ̀, ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó ni ajá ló ni eyín ẹnu rẹ̀.

Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ọkọ mi sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ gbabẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Kí wọ́n tó dé, àgbàlá ti kún. "Ẹ pa á!" ni gbogbo ẹnu ń wí. Wẹ́dà ará Òǹdó tí a jọ ń gbélé ti gbé omi kaná.

"Màmá, ẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ẹjọ́ ti tán."

Mo ní, "Ọ̀fun rẹ lẹjọ́ ọ̀hún máa gbà kọjá!"

Síbẹ̀, mo ti ń tú okùn tí a fi so ajá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó bu ìyá náà jẹ, kí n fà á lé e lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ mi mú dókítà ẹran wọlé, ará Ìlọrin kan.

"Ẹ má pa á o! Bí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ta ni yóò sọ fún wa bóyá dìgbòlugi ń ṣe é? Òfin ni pé kí ẹ dè é, kí ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá ní in lára, kò ní lè jẹun mọ́, kò sì ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ìtọ́jú ìyá yìí náà, ọrùn yín ló wà."

Wẹ́dà rọra sọ ìkòkò kalẹ̀, bí ẹni pé omi ìwẹ̀ ló ń sè.

Láràárọ̀, kí n tó kí ọkọ mi, ajá ni mò ń lọ wò. Ìyá onífúrá á dúró lókèèrè: "Ya ci?" Ó jẹun àbí? "Ya ci, Hajiya." Á mí kanlẹ̀, á lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, dókítà ní ewu ti kọjá, ó sì fún ajá lábẹ́rẹ́. Ìyá onífúrá fúnra rẹ̀ bu fúrá sínú àwo rẹ̀, ó ń bú u lédè Hausa, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ ra ajá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá okùn, kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa mú un lọ gbabẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ní ẹ̀rù ajá ń bà mí. Ẹ̀rù ajá kọ́. Mo ti mọ bó ṣe ń rí kí ẹ̀mí ẹlòmíràn dá lórí bóyá ẹran ọ̀sìn mi jẹun láàárọ̀. Ọpẹ́ ni pé ó jẹun.