Bàbá Tó Kẹ̀yìn sí Títì

Eré kẹ̀kẹ́ ológeere ni iṣẹ́ tí Àsmá'ù ń fi jẹun. Bí mo bá sọ ọ́ fún àlejò ní àdúgbò wa, Lotto níbí, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Ọmọ náà ti sáré dé Kìgálì, ẹgbẹ́ kan sì ń sanwó oṣù fún un.

Mùíbì fọganáísà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, ni bàbá rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́. Òun náà ló kọ́ ọ pé ọmọ kì í rí àgbà kó má kí i, ẹ̀kọ́ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti kẹ̀kẹ́ jẹ́.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀, Àsmá'ù ló wà níwájú. Ó kù díẹ̀ kó dé ìlà ìparí, ló bá rí bàbá rẹ̀ lẹ́bàá títì. Kò wa kẹ̀kẹ́ mọ́, ó tẹrí ba: "Ẹ kú ìdúró, Bàbá!" Kó tó gbórí sókè, ẹni méjì ti yà á sílẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n tó mú un. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Mùíbì ò bá a wí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ibikíbi tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń sáré, á lọ, á sì kẹ̀yìn sí títì, kí ọmọ má baà tún rójú rẹ̀ kó kí i. Ọdún mẹ́fà gbáko! Eré tí kò rí ló ń lọ wò.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n sáré ní Owódé Ẹ̀gbá. Àsmá'ù kò gba ipò kìíní rí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ pé bí kò bá gbà á lọ́tẹ̀ yìí, kó máa lọ sílé. Èmi àti bàbá rẹ̀ jọ lọ. Ó kọjú sí ògiri, ó di tẹ̀súbáà mú. Nígbà tí ariwo ta, ó ní, "Ṣé ó ti kọjá?"

"Ó ti kọjá, Bàbá Àsmá'ù. Òun ló ṣe kìíní. Ẹ yíjú padà."

Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀ kó tó yíjú.

Àsmá'ù dé, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. "Bàbá, ẹ̀yìn yín nìkan ni mo máa ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọjú sí mi. Mi ò ní kí yín."

Mùíbì fà á dìde.

"Má kí mi," ó ní. "Jẹ́ kí n rí ẹ."