Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀

"Họ ọ́ sí i, ọmọ mi. Ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an."

Ṣùkù àgbàdo ni mo fi ń họ ẹ̀yìn ìyá bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wà nílẹ̀ níwájú wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n jù láti bó o tán. Funfun ojú wọn ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ìtọ̀ wọn sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

"Ibà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni," ni màmá mi wí. Bí ojú èèyàn bá ti pọ́n lọ́dọ̀ wa, orúkọ tí à ń pè é nìyẹn, àgbo sì ni oògùn rẹ̀. Òórùn dóńgóyárò àti orúwo gba ilé kan. Ìyá àgbà á mu ife kan, wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní ẹni tó sè é kò fẹ́ràn àwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi mí pé, "Oògùn mi ńkọ́?"

Wọn kì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré. Oṣù bíi mélòó kan ṣáájú ni dókítà kan bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, ni mò ń tú u nínú páálí fún wọn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. A kò fo ọjọ́ kan rí. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn nílé kéú.

Nígbà tí wọn kò lè dìde kírun mọ́, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ gan-an, ó ní kí la ń fún wọn. Mo na páálí náà sí i.

"Èyí ló fà á," ló wí. "Kì í bá gbogbo ara mu. Àgbo yín náà kò sì ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́."

"Yéè! Ọmọ yìí ló ń fún wọn láràárọ̀!" ni màmá mi ké. Mo bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà la ojú díẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ o. Èmi ni mo rán an."

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀: ohun tó ń jẹ ẹ̀dọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi pe orúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló ń jẹ ẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí a fi sin wọ́n.

Màmá mi náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí tí mo ti dàgbà. Tiwọn yàtọ̀, mo sì ń mú wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ẹ̀dọ̀ wọn; wọn kò sì lè pa oògùn tì, torí ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ń pani. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, láràárọ̀ tí mo bá fi oògùn náà sí wọn lọ́wọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbà á padà.