Oṣù Oyún Fawziyah

Bí ẹ bá bi ìyálé mi, Ìyá Sàídì, pé kí ni wọ́n sè lánàá, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ta ló rán yín. Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn nígbà tí mo wọlé yìí ṣe ìyàwó kejì. Wọn kì í sá aṣọ sórí okùn kan náà pẹ̀lú tèmi. Omi mímu wọn, wọ́n á bò ó, wọ́n á tún gbé òkúta lé e.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì Adébísí gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ agboolé wa, tó ní kí gbogbo olóyún wá forúkọ sílẹ̀. Fawziyah, ìyàwó Sàídì, dìde. Ìyálé mi fà á padà sórí àga.

"Kí lẹ fẹ́ fi oyún olóyún ṣe?"

"Ìtọ́jú ni, Màmá, kí ìyá má kú, kí ọmọ má kú. Oṣù mélòó ni?"

Wọ́n wo nọ́ọ̀sì. Wọ́n wo èmi tí mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ni wọ́n wí. "Oṣù márùn-ún ni."

Fawziyah la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo kúkú mọ̀ pé oyún ti wọ oṣù keje. Èmi ni mò ń bá a pọnmi nígbà tí èébì ò jẹ́ kó gbérí. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Kẹ̀kẹ́ gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Oṣù méje. Ọmọ yìí ò tíì gbó. Ẹ jẹ́ n fún un lábẹ́rẹ́ tó máa dá ìrọbí dúró, ká gbé e lọ Òṣogbo."

Ó ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ìrora ò jẹ́ kí Fawziyah lè sọ̀rọ̀. Ìyálé mi kọjú sí mi, wọ́n ní kí n jáde ná.

Mi ò jáde. Inú ti bí mi. "Ẹ sọ̀rọ̀, Ìyá Sàídì."

"Oṣù mẹ́sàn-án ni," wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì nawọ́ sí mi. "Nítorí obìnrin yìí ni mo ṣe dín in kù."

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọkùnrin ké. Inú mi dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara.

"Mo ti mọ oṣù ẹ̀ látọjọ́ náà," mo ní. "Ta ni ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀?"

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọmọ náà wá. "Gbà á."

Mo gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí mo fi dá a padà.