Abẹ́rẹ́ tí Apoògùn Kò Gbọdọ̀ Gún

Àárò apoògùn tó ni kẹ́míìsì ní Etikan ṣì ń sọ mí. Nígbà ìjà Ìjọ àti Ìlàjẹ nínú omi, nọ́ọ̀sì tó ń gún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sá lọ sí Mahintedo, èéyi, àrùn tó ń sọ ara ọmọdé, sì ń jà. Mo gbé ọmọbìnrin mi lọ bá apoògùn. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ wà nínú kúlà rẹ̀, lórí yìnyín tó rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja.

"Tíṣà, òfin ní kí n tọ́jú rẹ̀, kò ní kí n gún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ló ni ìyẹn."

"Ṣé òfin mọ̀ pé ìbọn ń dún?"

"Bóyá wọn ò tíì sọ fún un."

Mo fi oyè yunifásítì mi halẹ̀ mọ́ ọn, mo ní olùkọ́ ni mí, n ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó gbé kúlà sínú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀.

"Ẹ wọkọ̀. Òfin ò ní kí n má tukọ̀."

Nọ́ọ̀sì gún ọmọ mi ní Mahintedo. Bí a ti ń padà bọ̀, ó yẹ kí n bẹ apoògùn pé kó má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kì í tètè rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Kí oṣù tó parí, ìjà tú wa ká. Títí dòní, kẹ́míìsì yòówù tí mo bá wọ̀, ojú ẹni tó ń tajà ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá òun ni.